Ṣé onílé lè ti ayálégbé síta torí pé wọn ò jọ kọ̀wé?

Ní Ìlódè, n'Ílé-Ifẹ̀, mo gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyá aránṣọ tó wà ní yàrá ìkẹyìn tó dúró síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, tòun tàwọn ọmọ. Àìsùn ni wọ́n lọ. Kí wọ́n tó dé, onílé ti fi àgádágodo tuntun ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ oníbàárà, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ há sínú ilé.

“Ìwé wo ni èmi àtìwọ jọ kọ?” ni Bàbá ń wí. “Ilé mi ni, mo ti gba ilé mi.”

Ìyá náà ò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwa ará ilé tó kù kúnlẹ̀ tì í, nítorí ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ náà ni Bàbá sọ: ẹni tí kò bá ní ágírímẹ́ǹtì, onílé lè lé e nígbàkigbà tó bá wù ú. Irọ́ gbáà ni, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn níjàǹbá.

Ọjọ́ tí onílé bá ti gba owó ilé, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ léni lọ́wọ́, àdéhùn ti wáyé. Òfin gba àdéhùn ẹnu, bí àkókò rẹ̀ kò bá ti ju ọdún 3 lọ. Bí a ṣe ń san owó ilé ni kọ́ọ̀tù fi ń mọ irú ayálégbé tí a jẹ́. Ẹni tó ń san án lóṣooṣù, nótíìsì oṣù 1 ló tọ́ sí i. Ẹni tó ń san án lọ́dọọdún, oṣù 6.

Ìyá aránṣọ ní tákàdá kan nínú pọ́ọ̀sì, ó ká a mọ́ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Abala ìwé ọmọléèwé tí wọ́n fà ya ni. Báírò ni Bàbá fi kọ ọ́: “Mo gba owó ilé ọdún kan.” Déètì wà níbẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Ọdún kẹrin tó ń gba irú rẹ̀ nìyẹn. Ayálégbé ọlọ́dọọdún ni ìyá yìí. Oṣù 6 ni Bàbá jẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìwé tí à ń dárò pé a ò ní yẹn gan-an ló lè gé oṣù 6 náà kù. Òfin fàyè gba onílé àti ayálégbé láti fohùn ṣọ̀kan lórí iye nótíìsì. Bí wọ́n bá kọ oṣù 1 sínú ágírímẹ́ǹtì, tí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lù ú, oṣù 1 náà ni. Bí wọ́n bá dá ọjọ́ ìparí sínú rẹ̀, tí ọjọ́ náà sì pé, onílé ò nílò kúìtì nótíìsì, ìyẹn nótíìsì olóṣù tí mo sọ lókè, mọ́. Ti ọjọ́ 7 ló kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gba yàrá ní Mayfair àti Lágere, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó mú báírò.

Nótíìsì ọjọ́ 7 yìí ni onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé òun ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ló máa pẹjọ́, àṣẹ kọ́ọ̀tù nìkan ló sì lè kó ẹrù ayálégbé síta. Bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe tò ó nìyẹn lọ́dún 1997 nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu. Àgádágodo ò sí níbẹ̀. Ṣíṣí páànù lórí èèyàn ò sí níbẹ̀. Ayálégbé tó jẹ gbèsè pàápàá, kọ́ọ̀tù náà ni, onílé tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ lé e lè di ẹni tí yóò san owó gbà-má-bínú.

Àwọn kan á ní òfin Èkó ni mò ń kà. Rárá o. Òfin 2011 tí Èkó fi de owó àsanṣáájú kò dé Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin ilé gbígbé tirẹ̀. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ló de gbogbo wa.

Mi ò ní kí ayálégbé jókòó sílé onílé láìsanwó o. Opó onílé wà tó jẹ́ pé owó yàrá méjì tó fi háyà ló fi ń ra oògùn. Lọ́dún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé ayálégbé tó jẹ owó ilé ò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn àṣìṣe inú nótíìsì. Ìwé ìpẹ̀jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti tó nótíìsì fún un.

Lọ́jọ́ náà ní Ìlódè, lọ́yà ọ̀dọ́ kan tó wá gba aṣọ tó rán ló ka rìsíìtì yẹn sókè fún Bàbá, tó sì fohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un. Kó tó di ọ̀sán, Bàbá ti ṣí àgádágodo rẹ̀. Ó kọ nótíìsì bó ṣe yẹ. Nígbà tí oṣù 6 fi máa pé, ìyá aránṣọ ti rí yàrá sí Ìlàrè, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá lọ́wọ́.