Mozzarella Tó Yẹ Fún Pizza Ilé: Ọ̀rọ̀ Omi àti Iná Ni

Wọ́n yọ pizza nínú ààrò, wọ́n fi ọ̀bẹ là á, ni omi funfun kan bá ń dà láti àárín rẹ̀ sórí àwo. Búrẹ́dì abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Téèyàn bá gbé ẹ̀là kan, ṣóńṣó rẹ̀ á dorí kodò, ohun tó wà lójú rẹ̀ á sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Tòmátì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé tòmátì tó ṣàn máa ń dá kún un, àmọ́ wàràkàṣì ló sábà máa ń jẹ̀bi: mozzarella tí omi kún inú rẹ̀ ni wọ́n gbé sínú ààrò tí iná rẹ̀ ò lágbára tó láti gbẹ omi yẹn.

Orúkọ kan náà ni wàràkàṣì méjì ń jẹ́, ìwà wọn ò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni tútù, ìyẹn èyí tó máa ń rí rogodo, tó funfun báláú, tí wọ́n ń tà pẹ̀lú omi nínú ike. Èkejì le díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì máa ń fi náílọ́ọ̀nù wé e pinpin. “Low-moisture” ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní gbígbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ṣì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Òfin oúnjẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà pààlà sáàárín wọn: omi inú tútù gbọ́dọ̀ ju ìdá 52 nínú 100 lọ, kó má sì kọjá 60, ti gbígbẹ gbọ́dọ̀ ju 45 lọ, kó má sì kọjá 52. Lórí ìwé, ìyàtọ̀ yẹn kéré. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún 200 gíráàmù: tútù tó ní ìdá 60 gbé omi 120 gíráàmù wọ inú ààrò, gbígbẹ tó ní ìdá 47 gbé 94. Ohun tó ṣẹ́ kù sáàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún síbí ńlá méjì, láì tíì ka omi tó lẹ̀ mọ́ ara tútù látinú ike.

Síbẹ̀, iye omi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí omi ń gbé nínú wàràkàṣì ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe mozzarella ló ṣàlàyé èyí. Wàrà á kọ́kọ́ dì, á sì kan títí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) á fi wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.2. Wọ́n á wá kó èyí tó dì náà sínú omi gbígbóná, wọ́n á máa pò ó, wọ́n á máa fà á, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Fífà yẹn ló ń to purotéènì inú rẹ̀ bí okùn tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálísíọ̀mù ló sì so wọ́n pọ̀. Àwọn okùn yìí náà là ń rí nígbà tí ẹ̀là pizza bá ń fà láti inú àwo dé ẹnu. Àárín wọn ni omi àti ọ̀rá wàrà ń gbé. Nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, purotéènì ò tíì mu omi náà. Ooru díẹ̀ báyìí, ó ti ń jò jáde. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí gbígbẹ kọ́kọ́ wà nínú òtútù fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Láàárín àkókò yẹn, purotéènì á mu omi náà, okùn rẹ̀ á sì dẹ̀. Èyí tí ò tíì pé àkókò máa ń le bíi rọ́bà lójú pizza. Èyí tó ti pẹ́ jù máa ń ṣàn bí ọbẹ̀.

Iná ló kù. Nínú ààrò onígi irú ti ìlú Naples ní Ítálì, ooru máa ń kọjá 400°C, pizza kì í sì í lò ju 90 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí purotéènì tó ráyè fún omi rẹ̀ dà nù, pizza ti jáde. Ààrò ilé sábà máa ń dúró sí 250°C, pizza á sì jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí méjìlá. Láàárín àkókò gígùn yẹn, purotéènì á máa sún kì, á máa fún omi jáde bí ẹni ń fún aṣọ. Nítorí náà, gbígbẹ ni ti ààrò ilé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ gbà pé tútù nìkan ni ojúlówó.

Nínú gbígbẹ náà, èyí tí wọ́n fi ògidì wàrà ṣe wà, èyí tí wọ́n ti yọ lára ọ̀rá rẹ̀ náà sì wà. Tí wàràkàṣì bá ń yọ́, ọ̀rá máa ń jáde díẹ̀, á sì bo ojú rẹ̀, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kéré jù ò ní ààbò yẹn: ojú rẹ̀ á gbẹ, á yi bí awọ, á sì jóná. Ògidì wàrà ló dáa jù fún pizza tó ní tòmátì àti wàràkàṣì nìkan. Tí ẹran ọlọ́ràá bá máa wà lójú rẹ̀, èyí tí wọ́n yọ lára ọ̀rá rẹ̀ á ṣe é, torí ọ̀rá ẹran á rọ́pò rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti rin sínú àpò ńkọ́? Wọ́n máa ń da sítáàṣì tàbí ìyẹ̀fun okùn igi tó kúnná sí i kó má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ìyẹ̀fun náà kì í yọ́, ìyẹn ló fà á tí wàràkàṣì náà fi máa ń rí wínní-wínní lójú pizza dípò kó parapọ̀. Odindi ló sàn láti rà. Ẹ gbé e sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó lè le, kẹ́ ẹ wá fi ìrin oníhò ńlá rin ín. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ pé ó wà nínú rẹ̀: wàrà, iyọ̀, èròjà tó ń mú kó kan àti èyí tó ń mú kó dì. Tí òróró bá wà níbẹ̀, ayédèrú ni.

Fún pizza tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, 150 sí 180 gíráàmù gbígbẹ tó. Tó bá ju 200 lọ, ọ̀rá á dúró lójú rẹ̀, búrẹ́dì abẹ́ ò sì ní jinná. Ẹ fi púpọ̀ sí ẹ̀bá, kẹ́ ẹ dín ti àárín kù, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ṣàn lọ. Tó bá ń pọ́n kí búrẹ́dì tó jinná, ẹ jẹ́ kí búrẹ́dì àti tòmátì kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ààrò, kẹ́ ẹ tó da wàràkàṣì gbígbẹ sí i bó ṣe ń jáde bọ̀ látinú fíríìjì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lo tútù dandan gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù. Ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ tò ó sínú asẹ́ lórí abọ́, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́rin, tàbí kó sùn síbẹ̀. Ẹ máa bá omi funfun nínú abọ́ náà. Ojú pizza ni ì bá dà sí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ já a wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn. 100 sí 120 gíráàmù ti pọ̀ tó, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló sì yẹ kó wọlé. Mozzarella ti wàrà ẹfọ̀n omi láti agbègbè Campania ní Ítálì, tí òfin Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti 1996, lọ́ràá, ó sì lómi gan-an. Kíkó o sínú ààrò ilé máa ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ẹ já a sórí pizza nígbà tó bá ti jáde, ooru rẹ̀ á mú un rọ̀.

Tí gbígbẹ bá ṣẹ́ kù, ẹ rin ín, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fírísà, á ṣì yọ́ dáadáa. Ẹ má gbé tútù síbẹ̀. Yìnyín á ya okùn inú rẹ̀, tó bá sì yọ́ tán, á máa rí bí ìyẹ̀fun lẹ́nu, omi á sì ya kúrò lára rẹ̀.