Àwọn àga àti pẹpẹ Dieter Rams

Dieter Rams (a bí i ní 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1932 ní ìlú Wiesbaden) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ya àwòrán ohun èlò fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Rédíò, ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin àti ẹ̀rọ ìṣirò tó ṣe fún Braun, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Jámánì, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn àga, tábìlì àti pẹpẹ rẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, pàápàá bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ igi ti lè rí nǹkan mú.

Ìkọ́ṣẹ́

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀ àgbà. Ọdún 1947 ni Rams wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Wiesbaden láti kọ́ nípa ilé yíyà àti ọ̀ṣọ́ inú ilé, àmọ́ ó fi í sílẹ̀ láàárín, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, kó tó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1953. Ó bá ayàwòrán ilé Otto Apel ṣiṣẹ́ ní Frankfurt, ó sì dé Braun ní 1955. Ní 1961 ó di olórí ẹ̀ka ìyàwòrán níbẹ̀, ó sì wà ní ipò náà títí di 1995. Ó ṣeé ṣe kí ọdún tó fi wà nídìí pákó ṣàlàyé púpọ̀ nínú àwọn ohun tó ṣe lẹ́yìn náà: ó mọ ibi tí igi ti máa ń kọ̀ fún ẹni tó ń gbẹ́ ẹ.

Ní 1959, Niels Vitsœ, ọmọ ilẹ̀ Denmark, àti Otto Zapf dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa ṣe ohun èlò ilé tí Rams bá yà. Braun fọwọ́ sí i pé kó máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ohun èlò yìí báyìí.

Pẹpẹ 606

Ọdún 1960 ni èyí jáde, wọn ò sì tíì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ohun mẹ́ta péré ló gbé e ró: ọ̀pá àlùmíníọ̀mù tóóró tí wọ́n fi sikirú dè mọ́ ògiri, pẹpẹ irin tí wọ́n ká etí rẹ̀ sókè, àti èèkàn àlùmíníọ̀mù kéékèèké. Èèkàn la máa ń ki bọnú ihò etí pẹpẹ àti ihò ara ọ̀pá, ẹrù tó bá sì wà lórí pẹpẹ ló ń fún un mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé pẹpẹ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ á yọ èèkàn, á tún un kì sínú ihò mìíràn. Kò nílò òòlù, kò nílò gúlúù.

Fífẹ̀ méjì ni wọ́n ń ṣe é sí, sẹ̀ǹtímítà 66.7 àti sẹ̀ǹtímítà 91, nítorí náà ohun tí ẹnì kan rà ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì ń bá tuntun lọ. Àpótí onídúróà àti tábìlì ìkọ̀wé náà ń so mọ́ ọ̀pá kan náà. Níbi tí ògiri kò bá lè gbé ẹrù, òpó wà tí wọ́n máa ń há sáàárín ilẹ̀ àti àjà.

Káfíńtà ilẹ̀ wa á tètè rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Adó-Èkìtì, wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, wọ́n á ta gúlúù sí i, wọ́n á kàn án pa. Ó lágbára, àmọ́ bí ọyẹ́ bá fẹ́, igi tí kò gbẹ dáadáa á sún kì, oríkèé á sì yà. Ẹni tó bá ń kó lọ sí ilé mìíràn á gbé pẹpẹ odindi, tàbí kó fọ́ ọ.

Àga 620 àti tábìlì 621

Àga onítìmùtìmù ni 620, ọdún 1962 ló jáde. Bóòtì ni wọ́n fi so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, nítorí náà wọ́n lè yọ ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n so àga mìíràn mọ́ ọn, kó di sọ́fà ẹni méjì tàbí ẹni mẹ́ta. Ẹ̀yìn gíga wà, ẹ̀yìn kúkúrú wà. Ẹni tó mọ̀ pé odindi sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń rà fún pálọ̀ nílẹ̀ wa á rí i pé ọ̀nà ìnáwó mìíràn lèyí: ọ̀kan lónìí, èkejì nígbà tówó bá dé. Ilé iṣẹ́ kan ṣe irú rẹ̀ jáde ní 1968, Vitsœ sì pè é lẹ́jọ́. Ní 1973, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Jámánì gbà pé ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà dáàbò bo àga náà, ohun tó ṣọ̀wọ́n fún àga.

Ike ni wọ́n fi ṣe tábìlì 621, ọdún kan náà ló jáde pẹ̀lú 620. Ó ṣeé dúró, ó ṣeé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kékeré rẹ̀ sì ń wọ abẹ́ ńlá.

Àyẹ̀wò rẹ̀ láti Èkìtì

Akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì tó bá gbé iṣẹ́ Rams yẹ̀ wò ní ohun mìíràn nítòsí tó lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́: iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní Ẹfọ̀n-Aláayè, tó sì kú ní 1938. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Àwòrán tó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn náà fi ọba hàn lórí àga rẹ̀, nígbà tí àwọn aláàárù ń gbé Captain Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba, wọlé. Lọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀, ìjókòó ló ń sọ ẹni tó jókòó. Àga Rams kì í sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lè jókòó sórí rẹ̀ láìsí àmì kankan. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924. Ògògà kò tà á, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní British Museum títí di òní.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe àwòṣe 606, páálí ló dára kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, kí ìwọ̀n ihò lè bára mu. Àjákù àlùmíníọ̀mù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì ṣófo: bí wọ́n bá to ìwé ńlá mélòó kan sórí pẹpẹ, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, èèkàn á sì máa dorí kodò.