Ètò Ìlú Black Rock City

Black Rock City ni ìlú onígbà díẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ dó lọ́dọọdún sí aṣálẹ̀ Black Rock, ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Burning Man. Etí òkun ní San Francisco ni àjọ̀dún náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ó dé aṣálẹ̀ ní 1990. Lóde òní, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún máa ń tó 70,000.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí títì. Ibi tó bá wu kálukú ló ń pàgọ́ sí, ibi tó bá wù ú ló ń wa ọkọ̀ gbà. Ní 1996, ẹnì kan kú lórí alùpùpù, ọkọ̀ sì gun àwọn tó ń sùn nínú àgọ́, wọ́n fara pa. Láti 1997 ni Rod Garrett ti ń ya àwòrán ètò ìlú náà, títí ó fi kú ní 2011.

Ère onígi tí wọ́n máa ń dáná sun ló wà láàárín gbùngbùn. Àwọn títì yí i ká dé ìdá méjì nínú mẹ́ta òbírípo, láti agogo 2 dé agogo 10, bí ẹni ń wo ojú aago. Ìdá tó kù jẹ́ gbalasa fún iṣẹ́ ọnà. Títì tó na jáde láti àárín ń jẹ́ orúkọ aago. Nínú àwọn tó tẹ̀ kọdọrọ, Esplanade ló ṣáájú, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé ètò A, B, C. Bí ìjì erukuru bá bo ojú ọ̀nà, «7:30 àti E» ti tó fún ẹni tó ń wá aláìsàn.

Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, wọ́n á ri èèkàn irin mọ́ ibi tí ère yóò dúró sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn gbogbo ilẹ̀, tí wọ́n sì ń fi àsíá kéékèèké sàmì sí orígun títì. Kò yẹ kí wọ́n kánjú níbí: bí wọ́n bá ṣi igun wọ̀n ní dígírì 1 péré, títì yóò ti yà ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ níbi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 2,500 sí àárín. Odi àwọ̀n oníkọ̀rọ̀ márùn-ún, tó gùn tó máìlì 9, ló ń gba ìdọ̀tí tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé lọ.

Ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ ni ilẹ̀ náà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ọkọ̀ omi ló ń wọ́n títì kí eruku lè rọlẹ̀. Òjò ló burú jù, nítorí ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì ní lè kọjá. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2023, tí wọ́n fi ti ẹnu ọ̀nà ìlú. Iná náà ní ewu tirẹ̀: ooru rẹ̀ máa ń sun amọ̀ di pupa, nítorí náà wọ́n máa ń tẹ́ yangí òkúta sílẹ̀ kí wọ́n tó dáná.

Bureau of Land Management, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ náà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn àjọ̀dún, àwọn òṣìṣẹ́ á tò ní ìlà, wọ́n á máa ṣa ìdọ̀tí láti àdúgbò dé àdúgbò. Ìdọ̀tí tó bá kù lórí éékà 1 kò gbọdọ̀ gba àyè ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó. Igi wẹ́wẹ́, ìṣó àti èèkàn àgọ́ tí ẹrùpẹ̀ ti bò ló máa ń fún wọn níṣẹ́ jù.