Ara fóònù ṣeé fi ìbòrí bò, inú rẹ̀ kò ṣeé fẹ̀

Obìnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá sórí tábìlì iṣẹ́ mi, ó ní ó ti ń kú fúnra rẹ̀ tó sì ń jí fúnra rẹ̀, pé kámẹ́rà rẹ̀ kò gbà láti ya àwòrán mọ́. Fóònù náà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tó ń dán, ṣùgbọ́n n kò rí dídán náà títí mo fi bọ́ ìbòrí ráábà dúdú kan tó nípọn kúrò lára rẹ̀, nítorí ìbòrí yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á. Nígbà tí mo wo ibi tí fóònù ti máa ń ṣírò àyè inú rẹ̀, 64 GB ni gbogbo rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù kò sì tó 300 MB. Kò sí ohun kan tó bàjẹ́. Àwòrán àwọn ọmọ, fídíò tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló kún un dé ẹnu. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra èyí tó ní 128 GB nígbà náà. Ó ní owó ọwọ́ òun tó ohun kan ṣoṣo nínú méjì, yálà àyè tó pọ̀ tàbí ẹ̀yìn tó dán, òun sì mú èyí tó dán.

N kò dá a lẹ́bi, nítorí ara fóònù ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, ọwọ́ sì máa ń fẹ́ gbé ohun tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tú fóònù palẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà mìíràn ni mo fi ń wò ó: mo máa ń ya ohun tó ṣeé pààrọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò ṣeé pààrọ̀. Bí ojú fóònù bá fọ́, a ó fi òmíràn sí i. Bí bátìrì bá rẹ̀, a ó yọ ọ́. Gíláàsì ẹ̀yìn, ihò ṣájà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, gbogbo wọn ló ní ìrọ́pò. Ibi ìpamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú fóònù so mọ́, bí wọ́n bá sì ti jó o mọ́ ọn ní 64 GB, 64 GB ni yóò jẹ́ títí fóònù náà yóò fi kú. Lóòótọ́, àwọn kan wà nínú àwa oníṣẹ́ tó ń yọ ọ́ tí wọ́n sì ń fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra fóònù tí àyè rẹ̀ kéré nítorí ìrètí yẹn. Ẹni tó ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú lórí àwọ̀ fóònù, tó sì mú àyè ìpamọ́ tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀, ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìtàn fóònù mẹ́rin láti ilé iṣẹ́ Samsung fi bí ẹwà àti ìpamọ́ ṣe ń fa ara wọn hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Galaxy S5 jáde ní ọdún 2014. Ike ni ẹ̀yìn rẹ̀, èékánná lásán la fi ń ṣí i. Bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ó ní ibi tí a lè ki káàdì mẹ́mọ́rì bọ̀, síbẹ̀ ó ní ìwọ̀n IP67, ìyẹn ni pé wọ́n ti dán an wò nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ní ọdún 2015, S6 dé pẹ̀lú gíláàsì níwájú àti lẹ́yìn, tí irin alumíníọ̀mù sì yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Ó rẹwà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n bátìrì kò ṣeé yọ mọ́, ihò káàdì ti lọ, ìdáàbòbò lọ́wọ́ omi náà sì ti lọ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan péré, S7 dá ihò káàdì àti ìdáàbòbò omi padà láìgbé gíláàsì náà sọnù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nítorí omi tàbí nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe yọ ihò káàdì, ẹ rántí S7. Nígbà tó di ọdún 2021, S21 tún yọ ihò káàdì náà. Ike sì ni ẹ̀yìn S21, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba iná láìlo wáyà, ó sì ní IP68, tó ga ju IP67 lọ.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo sí S6 ṣá. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ihò káàdì náà kì í ṣe ẹwà nìkan: ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ jẹ́ UFS 2.0, tó yára gidigidi ju eMMC, oríṣi ibi ìpamọ́ àtijọ́ tó wà nínú S5, lọ. Ọ̀rọ̀ eMMC àti UFS yìí ni ọ̀pọ̀ olùrà kì í béèrè, ó sì ṣe pàtàkì tó iye GB fúnra rẹ̀. eMMC dà bí afárá tóóró tí ọkọ̀ tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọjá kí èyí tó ń bọ̀ tó lè gùn ún. Bí fóònù bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, kò lè kà á ní àkókò kan náà. UFS ní ọ̀nà àlọ lọ́tọ̀, ọ̀nà àbọ̀ lọ́tọ̀. eMMC 5.1, tó ṣì wà nínú àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú, kò lè kọjá 400 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí UFS 4.0 lè ka ohun tó lé ní 4,000 MB láàárín àkókò kan náà. Ẹ óò rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nígbà tí áàpù bá ń ṣí, tí fóònù bá ń tàn, tàbí tí WhatsApp bá ń gba fídíò wọlé lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń fẹ́ ya àwòrán.

Ẹ má sì rò pé fóònù kan náà ni orúkọ kan náà. Galaxy S23 tó ní 128 GB ń lo UFS 3.1, nígbà tí èyí tó ní 256 GB ń lo UFS 4.0. Ara kan náà, àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà lórí páálí. Ẹni tó ra èyí tó kéré kò pàdánù àyè nìkan, ó pàdánù ìyára mọ́ ọn.

Nípa iye tí wọ́n kọ sára páálí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni tiyín. Àwọn tó ń ṣe é ń ka GB 1 sí báìtì 1,000,000,000, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Windows ń kà á sí 1,073,741,824, ìdí nìyẹn tí 128 GB fi máa ń di 119 lójú rẹ̀. Android tàbí iOS tó ń darí fóònù yóò tún mú tirẹ̀, àwọn áàpù tí wọ́n ti fi sí i láti ilé iṣẹ́ yóò mú tiwọn. Àwọn kan tún ń kọ “RAM 8 GB + 8 GB” bí ẹni pé wọ́n ń fún yín ní ẹ̀bùn. RAM ni tábìlì tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, ibi ìpamọ́ ni àpótí tó ń kó ẹrù sí. 8 GB kejì yẹn, inú àpótí yín ni wọ́n ti gé e, kò sì lè yára bí RAM tòótọ́. Bí fóònù yín bá ní 128 GB, mo rọ̀ yín kí ẹ pa àfikún RAM yẹn níbi ètò fóònù.

Kí wá nìdí tí fóònù tó kún fi ń falẹ̀? Ohun tí wọ́n fi ṣe ibi ìpamọ́ fóònù, tí a ń pè ní flash, kì í gbà kí a kọ nǹkan tuntun lé èyí tó wà nílẹ̀ lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti àtijọ́ rẹ́, kì í sì í pa á rẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí kò ṣe ní odindi ìdìpọ̀. Bí àyè bá wà, fóònù yóò kọ ohun tuntun sí ibi tó ṣófo, yóò sì tún ilé ṣe nígbà tó bá ráyè. Bí àyè kò bá sí, ńṣe ni yóò máa kó ẹrù láti igun kan lọ sí igun kejì kó tó lè gbé ohun kékeré kan kalẹ̀, ẹ ó sì máa wo ojú fóònù tí kò mira. Èmi kì í jẹ́ kí ohun tó ṣófo nínú tèmi dín sí ìdámẹ́wàá gbogbo àyè rẹ̀, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà mi.

Fídíò ló ń jẹ àyè jù. Gẹ́gẹ́ bí iPhone ṣe ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níbi tí a ti ń ṣètò kámẹ́rà, ìṣẹ́jú 1 fídíò 1080p jẹ́ nǹkan bí 60 MB, ti 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti 1080p lọ, jẹ́ nǹkan bí 170 MB, bí ẹ bá sì yàn 4K tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó di nǹkan bí 400 MB. Wákàtí 1 irú èyí tó kẹ́yìn yìí jẹ́ 24 GB. Ẹni tó bá ń fi fóònù ya ayẹyẹ nílò àyè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ka ìròyìn tó sì ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè lo 128 GB fún ọdún mẹ́ta kí ó má rí ìdààmú kankan.

Bí fóònù tí ẹ fẹ́ bá ní ihò káàdì, ó dára, àmọ́ ẹ mọ ohun tí káàdì wà fún. Àwòrán, orin àti fídíò ni ẹ óò kó sí i. Káàdì tó wọ́pọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní UHS-I, kò lè kọjá 104 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá lábẹ́ ìlànà rẹ̀, nítorí náà áàpù tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ yóò máa wọ́lẹ̀. Láti ìgbà Android 6 ní ọdún 2015 ni àwọn fóònù kan ti lè sọ káàdì di ara ibi ìpamọ́ tiwọn. Ẹ ṣọ́ra fún un: káàdì bẹ́ẹ̀ ti di ti fóònù yẹn nìkan, ẹ̀rọ mìíràn kò lè kà á, bí ẹ bá sì yọ ọ́ lójijì, áàpù tó wà lórí rẹ̀ yóò dákú. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń ki síìmù sí, nítorí nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ojú ihò kan náà ni síìmù kejì àti káàdì ń dù.

Àǹfààní káàdì tí mo mọ̀ jù ni èyí tí àwọn olùrà kì í rò títí jàǹbá yóò fi dé. Bí omi bá pa bọ́ọ̀dù fóònù, ibi ìpamọ́ tó wà lára bọ́ọ̀dù náà lè wà láàyè síbẹ̀ kó má wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn fóònù òde òní máa ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti gbogbo fáìlì inú wọn, kọ́kọ́rọ́ náà sì so mọ́ ọpọlọ fóònù yẹn gan-an. Àfi kí a jí bọ́ọ̀dù ọ̀hún dìde kí a tó lè rí àwòrán kan. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta wo irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ lábẹ́ awò, tí ẹni tó ni ín jókòó síwájú mi, tí kò béèrè fóònù náà mọ́, àwòrán ìyá rẹ̀ ló ń béèrè. Kò jí. Ká ní inú káàdì làwọn àwòrán náà wà, èékánná ni ǹ bá fi yọ wọ́n.

Ní ti títẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi Galaxy S25+ àti S25 Edge wéra, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2025. Ojú wọn tóbi bákan náà, ínṣì 6.7. S25+ nípọn tó mìlímítà 7.3, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 4,900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà. Edge nípọn tó mìlímítà 5.8, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 3,900 mAh. Mìlímítà kan àbọ̀ ti jẹ 1,000 mAh. Tí ẹ bá sì wá fi ìbòrí wọ Edge, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ṣe ṣe, ẹ ti dá ìnípọn yẹn padà, bátìrì kò sì ní padà pẹ̀lú rẹ̀.

Gíláàsì, ike tàbí irin? Irin kì í jẹ́ kí iná aláìlo-wáyà wọlé; gíláàsì àti ike ń jẹ́ kó wọlé. Gíláàsì kì í tètè ha, ṣùgbọ́n ó ń fọ́. Ike ń ha, kì í sì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí n yàn fún ẹni tí fóònù máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ike ni, láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ní ti IP68, omi tútù tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi ń dán an wò, àtè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ló sì ń dá omi dúró; àtè náà ń gbó, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣí fóònù náà láìfi àtè tuntun sí i, kò sí ìdáàbòbò mọ́, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára páálí.

Ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ẹ̀dà kejì, kò lè dípò àyè inú fóònù. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti àwòrán ló jọ ń pín in láti oṣù Kẹfà ọdún 2021; Apple ń fúnni ní 5 GB. Lẹ́yìn ìyẹn, owó oṣooṣù ni, bí ẹni tó ń háyà ilé.

Kí ẹ tó jáde lọ ra òmíràn, ẹ ṣí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wo iye tí àwòrán, fídíò àti áàpù yín ti jẹ, kí ẹ sì fi iye oṣù tí ẹ ti ń lò ó pín in. Bí ó bá jẹ́ 60 GB láàárín oṣù 24, GB méjì àbọ̀ lẹ ń jẹ lóṣù. Bí ẹ bá fẹ́ lo tuntun fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn 120 GB, ẹ fi 60 GB àtijọ́ tí ẹ óò kó wọ inú rẹ̀ lé e, kí ẹ tún fi nǹkan bí 20 GB ti fóònù fúnra rẹ̀ kún un. Ó di 200 GB. 256 GB ni ẹ óò rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ọdún tó kọjá, tó ní ẹ̀yìn ike, ni owó yín yóò tó.