Ẹ́ńjìnnì Àgbàtọ́, Kì Í Ṣe Ẹ́ńjìnnì Ìpààrọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ asáré ní Ìkòròdú ń lò lójoojúmọ́, tí ó sì ń ná wa lówó nítorí pé iṣẹ́ tí a fi ń jẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Bí ẹ́ńjìnnì Corolla bá nọ́ọ̀kì, tí a lọ ra ọmọ ìyá rẹ̀ tòkunbọ̀ ní Owódé Onírin, tí a sì gbé e sí ibi tí ti àkọ́kọ́ wà, a ó ní a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹlòmíràn bá yọ ẹ́ńjìnnì inú BMW E36 rẹ̀, tí ó gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 2JZ, ti ọkọ̀ Lexus, sí i, iṣẹ́ tí yóò gba wẹ́dà, oníwáyà, gíá mìíràn àti oṣù púpọ̀, a ó tún ní ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ méjì tí kò jọra ni a fi orúkọ kan pè, oníbàárà sì ń mú owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá fún iṣẹ́ kejì.

Orúkọ tí mo fún iṣẹ́ kejì yìí ni ìgbàtọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí a gbé wá láti ara ọkọ̀ mìíràn, tí kì í ṣe irú èyí tí ọkọ̀ náà bá jáde láti ilé iṣẹ́, ni ẹ́ńjìnnì àgbàtọ́. Èyí tí ó bá ọkọ̀ jáde ni ẹ́ńjìnnì àbínibí. Ìpààrọ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn mẹ́káníìkì láti máa lò bí wọ́n ti ń lò ó, fún yíyọ ẹ́ńjìnnì àbínibí tó bàjẹ́ àti fífi irú rẹ̀ gan-an sípò.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ti dábàá orúkọ. Àwọn kan ní kí a máa pè é ní ìyípadà ẹ́ńjìnnì. N kò lè fara mọ́ èyí, nítorí pé ohun tí ó bá yí padà, òun fúnra rẹ̀ ni ó di nǹkan mìíràn: ojú ọjọ́ a máa yí padà, ìwà ènìyàn a máa yí padà. Ẹ́ńjìnnì 2JZ tí a gbé sínú BMW kò yí padà. Ohun tí ó jẹ́ nínú Lexus náà ni ó ṣì jẹ́. Àwọn kan sì ń kọ ọ́ ní súwáàpù, wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, bí ẹni pé àmì ohùn nìkan ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di Yorùbá. Wọn kò ronú kan ohun tí etí wa ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Síìmù fóònù ni a ń ṣe súwáàpù fún. Ẹni tí síìmù rẹ̀ sọnù yóò lọ sí ọ́fíìsì, yóò fi ìka tẹ ẹ̀rọ, yóò sì padà sílé pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ lórí káàdì tuntun, gbogbo nǹkan yóò sì padà sí bí ó ti wà. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kì í dá ohunkóhun padà sí bí ó ti wà. Nítorí kí ó má baà wà bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é.

Àwọn kẹta ń pè é ní ìrọ́pò ọkàn ọkọ̀. Èyí dùn ún gbọ́, mo sì gbà pé ó sàn ju méjì ìṣáájú lọ. Àmọ́ ẹni tí dókítà bá fún ní ọkàn mìíràn, ọkàn tí ó ṣàìsàn ni wọ́n yọ kúrò, ohun tí wọ́n sì ń wá ni pé kí ó lè máa rìn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a ń yọ nínú ọkọ̀ asáré lè má ní àìsàn kankan, ó lè má tíì máa jẹ ọ́ìlì. Agbára rẹ̀ ni kò tẹ́ ẹni tó ni ín lọ́rùn.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún takò mí pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni àgbàtọ́, pé ọmọ nìkan ni a ń gbà tọ́. Èsì mi ni pé Yorùbá ti ń pe ohun aláìlẹ́mìí ní ọmọ kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí. Ọmọ odó ni a fi ń gúnyán nínú odó, ọmọ ọlọ ni a fi ń lọ ata lórí ọlọ, ọmọ ayò ni à ń ta nínú ọpọ́n. Nínú gbogbo wọn, ọmọ ni ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú tàbí lórí ohun tí ó gbà á mọ́ra. Ipò ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìdí tí ó wúwo jù tí mo fi di ọ̀rọ̀ yìí mú ni pé ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, gbà àti tọ́. Gbígbà kò le. Ọkùnrin mẹ́ta àti ṣéènì tí wọ́n fi kọ́ òpó irin lè gbé ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀ ní ọ̀sán kan. Títọ́ ni iṣẹ́. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ létí omi ní Ẹbúté Ìkòròdú. Bí apẹja bá yọ ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 15 kúrò ní ìdí ọkọ̀ onípákó rẹ̀, tí ó so oní-40 mọ́ ọn láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, ìdí ọkọ̀ náà yóò rì, imú rẹ̀ yóò gbé sókè, omi yóò máa gba ẹ̀yìn wọlé, pákó tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ọkọ̀ nígbà tí ó bá fún un níná. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Ọkọ̀ ni kò tíì gbà á. Káfíńtà gbọ́dọ̀ ki igi sí ìdí ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sún epo àti ẹrù síwájú, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ tún kọ́ bí a ti ń ṣẹ́ kọ́nà. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì ni pákó yẹn nínú ọkọ̀ ilẹ̀. Ìwúwo tó bá pọ̀ sí i níwájú ń fẹ́ sípíríǹgì mìíràn, agbára tó bá pọ̀ sí i ń fẹ́ bíréèkì tó tóbi àti ṣáàfù tí kò ní ṣẹ́, ooru sì ń fẹ́ rédíétọ̀ tí yóò lè gbà á lọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12.

Ní ti ọ̀nà tó dára jù láti gba ẹ́ńjìnnì tọ́, mo ní kí a kọ́kọ́ wá ìbátan. Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí ọ̀pọ̀ wa ń wà, 1ZZ-FE ni ẹ́ńjìnnì àbínibí rẹ̀, lítà 1.8, nǹkan bí agbára ẹṣin 130. Lítà 1.8 náà ni 2ZZ-GE, ìdílé ZZ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó tó agbára ẹṣin 180 nínú Celica GT-S, ọkọ̀ Toyota mìíràn. Toyota fúnra rẹ̀ fi sínú Corolla XRS tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 2005 àti 2006, ó sì wà nínú Matrix XRS pẹ̀lú. Kì í kúkú ṣe orúkọ tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ ẹ́ńjìnnì di ìbátan: ẹ́ńjìnnì ìdílé B ti Honda ń yí sí òsì, ti ìdílé K, tí ó jẹ́ ti Honda náà, ń yí sí ọ̀tún, gíá àwọn méjèèjì kò sì sí ní ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn náà, kí a ra ohun gbogbo láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo: ẹ́ńjìnnì, gíá, wáyà láìgé, àti ọpọlọ, kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní bùréènì-bọ́ọ̀sì. Ojú mi ló rí èyí. 2ZZ nìkan ni mo rà fún Corolla tèmi, mo sì sọ fún mẹ́káníìkì kan pé kí ó bá mi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.” Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ṣáná, ó rìn, ṣùgbọ́n kò fi ibì kankan yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Káàmù ẹ́ńjìnnì yẹn, irin tí ó ń ṣí fáàfù rẹ̀, ní ojú kékeré fún ìrìn jẹ́jẹ́, ó sì ní èyí tí ó ga tí ó ń gba iṣẹ́ nígbà tí ìyípo bá kọjá 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ pé kí ó bọ́ sí èyí tó ga, ọpọlọ 1ZZ tí a fi sílẹ̀ kò sì ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú. Mo ti gba ọmọ alágbára wọlé, mo sì fi í lé olùtọ́ tí kò mọ̀ pé ó lágbára lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ọpọlọ àti wáyà tó bá a mu láàárín Owódé Onírin àti Ládípọ̀. Iye tí mo ná lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ju iye tí ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì fún mi kọ́kọ́ dá lé gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ, èyí tí mo kọ̀ nítorí pé ìpààrọ̀ ni mo rò pé mo fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó tàn mí.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ilé tó jìnnà wá, àyè ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. LS1, ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ General Motors gbé jáde nínú Corvette ọdún 1997, jẹ́ V8, onísílíńdà mẹ́jọ, lítà 5.7, síbẹ̀ ó ń wọ ibi tí ojú kò rò, nítorí pé inú bọ́lọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnnì gan-an, ni káàmù rẹ̀ wà, orí rẹ̀ kò sì ga. Alumíníọ̀mù ni bọ́lọ́ọ̀kù náà. Irin ni bọ́lọ́ọ̀kù 2JZ, ó gùn, ó wúwo, ó sì lágbára gan-an. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ mú gíá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ dípò kí ẹ máa wá awo irin tí yóò so ó mọ́ gíá àtijọ́. Ní ti ọpọlọ tí a ń kọ gbogbo àṣẹ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má rà á bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ nítòsí yín. N kò ní dá sí tọ́bò àti súpáchájà, àwọn ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé wọn kò kan ìgbàtọ́.

Ó ku ìwé, nítorí ọmọ àgbàtọ́ náà ń fẹ́ ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àbínibí ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú ọ̀nà Ìtóìkín, tí ó ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mìíràn ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun sí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ sì lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe kí ọkọ̀ tó tún bọ́ sójú títì.