Aláàmù tó ń gbọ́ èéfín kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe Iléyá nígbà tí àǹtí mi wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti London. Wọn kò fẹ́ kí Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣẹ̀yìn àwọn. Nínú báàgì wọn, láàárín bàtà àti aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n kó aláàmù funfun róbótó mẹ́ta jáde. Wọ́n ní kí n gun àkàbà, kí n kan ọ̀kan mọ́ àjà pálọ̀, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sí kíṣìnnì.

"Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí," ni wọ́n wí. "Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yín mọ́jú. Bí èéfín ẹ̀ bá wọlé, á ké."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù: pé ohun róbótó tó wà lókè àjà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ iná ni wọ́n ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrísí wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra, ìgbàgbọ́ yìí sì lè pa odindi ilé sójú oorun.

Èéfín tí a ń fojú rí, èérún ohun tó ń jó ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni aláàmù èéfín fi ń mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ ní iná kékeré àti ojú kan nínú ihò tó ṣókùnkùn, ojú náà kò sì kọjú sí iná yẹn. Ẹ ti rí i rí láàárọ̀ bí oòrùn ṣe ń gba ihò fèrèsé wọlé, tí eruku ń fò nínú ìtànṣán rẹ̀? Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: èéfín wọ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tan sára rẹ̀, ó ta sí ojú yẹn, aláàmù ké. Wọ́n ń pè é ní photoelectric. Ìkejì ní èérún americium bíńtín, irin kan tó ń tú ìtànṣán tí a kò lè fojú rí jáde, tó ń mú kí iná mànàmáná díẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Bí èéfín bá dí i lọ́wọ́, á pariwo. Èyí ni ionisation. Ẹ ó rí Am-241, ìyẹn americium ní ìkékúrú, lẹ́yìn rẹ̀. Kò léwu lókè àjà, àmọ́ ẹ má tú u, ẹ má sì jù ú síbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí.

Èyí tó ní americium máa ń tètè gbọ́ iná tó bá gbaná jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ló tètè ń gbọ́ iná tó ń jẹ fóòmù díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí kọ́ìlì ẹ̀fọn máa ń dá sílẹ̀ bó bá ṣubú sórí àga. Nítorí kọ́ìlì yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju èkejì lọ fún ilé wa.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ wá yàtọ̀ pátápátá. Gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀, carbon monoxide, tí wọ́n ń kọ ní CO, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní èérún kankan. Òórùn pẹtiróòlù tí ẹ ń gbọ́ kọ́ nìyẹn. Ó ń gba inú aláàmù èéfín kọjá bí afẹ́fẹ́ lásán. Bó bá dénú ara, ẹ̀jẹ̀ ń dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ẹni tó ń sùn lè má jí mọ́. Lásìkò Ojúde Ọba tí ilé kún, tí àlejò sùn sórí ẹní, tí a ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, wọ́n á ní ibà ni, tàbí àárẹ̀ ìrìn àjò. Ẹ wò ó dáadáa: bó bá mú èèyàn méjì mẹ́ta pọ̀, tí ara sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí gbogbo ilé jáde, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Epo pupa àti mílíìkì kò lè lé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn aláàmù, ìyẹn nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n fi ṣe é, ló ń tú àṣírí. EN 14604 tàbí UL 217, èéfín ni. EN 50291 tàbí UL 2034, CO ni. BS 5446-2, ooru ni. Ìyẹn máa ń ké bí ooru bá ti sún mọ́ nǹkan bí 58 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òun ló sì yẹ kíṣìnnì, níbi tí epo tí a ń yọ́ fún ìkókorẹ́ yóò ti máa da aláàmù èéfín láàmú. Gáàsì ìdáná inú sìlíńdà tún yàtọ̀: ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń kan aláàmù tirẹ̀ sí.

Bọ́tìnnì ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ké, ẹ ní ó ti dáa. Ohun tó fi hàn ni pé bátìrì àti ohùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sọ ohun tó ń gbọ́.

EN 14604 ló wà lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àǹtí mi kó wá. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún 10 ni aláàmù èéfín ń lò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Mo kan méjì, mo yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àǹtí pe ọmọ wọn tó kù ní London, tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń ka nọ́ńbà náà fún un níkọ̀ọ̀kan: "EN, márùn-ún, òdo, méjì, mẹ́sàn-án, ọ̀kan. Bí o ò bá rí i lẹ́yìn ẹ̀, má rà á."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a wọ́ jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé lọ sí ìdí ọgbà, ó lé ní mítà 6 sí ilé, a sì ra wáyà gígùn sí i.