Ìbéèrè ni kí ẹ dáhùn, ẹ má ro ìtàn fún wa

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo tí ẹ ń múra ìdánwò ìmọ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Láàrin àwọn tí mò ń kọ́ ní Òkè-Fìà, ohun tó ń jẹ máàkì wọn jù ni pé wọ́n mọ ìtàn. Wọ́n á rò ó látòkè délẹ̀, ìbéèrè á sì wà níbẹ̀ láìdáhùn.

Ká ní wọ́n fún yín ní ìlà mélòó kan láti inú ìwé 24 Iliad, ewì Homer nípa ogun Troy, níbi tí Priam ọba Troy ti lọ bá Achilles, akọni jagunjagun Gíríìkì, wọ́n ní kí ẹ ṣàlàyé. Gbólóhùn kan ti tó fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹ yáa wọnú ọ̀rọ̀ gan-an. Priam di orúnkún Achilles mú, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, Homer sì fi kún un pé ọwọ́ yẹn ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni máàkì wà! Arúgbó ọba ń bẹ ẹni tó pa Hector ọmọ rẹ̀, kó lè rí òkú gbà sin. Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tó ń ká àgbà lára kó tó bẹ ọmọdé báyìí? Ẹ jẹ́ kí ìyẹn là yín lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Homer ni kẹ́ ẹ fi ti ìdáhùn yín lẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ àròkọ, bóyá wọ́n ní, ‘Ṣé lóòótọ́ ni Augustus dá ìjọba padà fún ará Róòmù?’, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí Augustus, olú-ọba Róòmù àkọ́kọ́. Ẹ sọ èrò yín ní ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ tó mú ẹ̀rí wá: ní ọdún 27 ṣáájú ìbí Jésù, ó ní òun ti dá agbára padà, àmọ́ agbègbè tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yẹ ẹlẹ́rìí wò pẹ̀lú. Augustus fúnra rẹ̀ ló kọ Res Gestae, ìwé tó fi ka àwọn iṣẹ́ tó ṣe. Tacitus, òpìtàn Róòmù, kọ tirẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Augustus.

Ní ti àwòrán, ẹ lọ fi igbó Òṣun dánra wò. Ẹ dúró níwájú ère kan níbẹ̀, ẹ kọ ohun tójú rí sílẹ̀ kí ẹ tó wá ìtumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fún ère Augustus tí wọ́n rí ní Prima Porta lẹ́bàá ìlú Róòmù: kò wọ bàtà, Cupid ọmọ Venus, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, lára ìgbàyà rẹ̀, ará Parthia, ọ̀tá Róòmù, ń dá ọ̀págun Róòmù padà. Lẹ́yìn èyí lẹ tó lè sọ pé ìran Venus ló ní òun ti wá.

Ìbéèrè tó bá béèrè orúkọ tàbí ọdún, ìlà kan ti tó. Ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ kó o fún àròkọ.